Ewu kọ́sítíìkì sódà: ìbéèrè tí àwọn ọlọ́ṣẹ àti aláró ilẹ̀ Òkun máa ń bi wá

Láti Kàbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Mọ̀pà, ibi yòówù tí a bá ti jókòó kọ́ àwọn èèyàn ní ọṣẹ ṣíṣe, ìbéèrè kan náà ló ń jẹ yọ. Mo kó wọn jọ síbí, mo fi èyí tó rọrùn ṣíwájú. Bí sódà bá ti ta sí ẹnikẹ́ni lára báyìí, ẹ fi gbogbo ìyókù sílẹ̀, ẹ lọ ka ìbéèrè kẹsàn-án.

1. Kí tilẹ̀ ni kọ́sítíìkì sódà?

Orúkọ rẹ̀ lórí àpò ni sodium hydroxide. Ó funfun. Ó lè wá bí ìpẹ́ pẹlẹbẹ, bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, tàbí kó ti jẹ́ omi láti ilé iṣẹ́. Iná mànàmáná ni wọ́n ń gbà kọjá nínú omi iyọ̀ kí wọ́n tó rí i. Àwọn tó ń ṣe ìwé, aṣọ, ọṣẹ àti àlùmíníọ̀mù ló ń lò ó jù.

Iṣẹ́ tí omi eérú ń ṣe nínú ọṣẹ dúdú àwọn ìyá wa náà ló ń ṣe, àmọ́ ó le ju omi eérú lọ fíìfíì. Àwọn tó rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n ló máa ń fọwọ́ lásán bù ú.

2. Kí ló túmọ̀ sí pé wọ́n pín ewu kẹ́míkà sí ìsọ̀rí?

Ìlànà kan wà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò sí ní 2002, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 2003. GHS ni wọ́n ń pè é. Kó tó dé, kẹ́míkà kan náà lè jẹ́ májèlé ní orílẹ̀-èdè kan, kó má sì jẹ́ nǹkan kan ní èkejì. GHS pín ewu sí agbo mẹ́ta: ohun tí kẹ́míkà lè ṣe fúnra rẹ̀, bíi kó bú gbàmù, kó gbiná tàbí kó jẹ irin, ohun tó lè ṣe sí ara èèyàn, àti ohun tó lè ṣe sí omi àti àyíká. Ìsọ̀rí wà lábẹ́ agbo kọ̀ọ̀kan, ìpele sì wà lábẹ́ ìsọ̀rí.

Kẹ́míkà kan lè wà ní ìsọ̀rí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan ṣe lè jẹ́ baálé, kó jẹ́ díákónì, kó tún jẹ́ àgbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá bi mí pé “ṣé ó léwu?” kò tíì béèrè ohun tó yẹ. Ewu wo? Ojú ni, àbí awọ ara, àbí iná?

3. Ìsọ̀rí wo wá ni sódà bọ́ sí?

Méjì ni ẹ máa bá lórí ọ̀pọ̀ àpò. Àkọ́kọ́ ni pé ó lè jẹ irin. Àmì rẹ̀ ni H290. Èkejì ni pé ó ń jó awọ ara gidigidi, ó sì ń ba ojú jẹ́. Àmì tiẹ̀ ni H314, ìpele 1A. Nígbà mìíràn wọ́n á fi H318 kún un, èyí tó dojú kọ ojú nìkan. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lókè ni DANGER. WARNING ni wọ́n ń kọ sára èyí tí ewu rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Kò sí ìsọ̀rí iná níbẹ̀, torí sódà fúnra rẹ̀ kì í jó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ iná ń bọ̀ ní ìbéèrè kẹjọ.

4. Àwòrán ọwọ́ àti páìpù tó wà lára àpò ńkọ́?

Ẹ wò ó dáadáa: igun mẹ́rin tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, etí rẹ̀ pupa, inú rẹ̀ funfun. Páìpù kékeré méjì ń da nǹkan sílẹ̀. Ọ̀kan ń dà á sórí ọwọ́ èèyàn, ọwọ́ náà sì ń jẹrà. Ìkejì ń dà á sórí irin pẹlẹbẹ, irin náà sì ń jẹrà. Àwòrán kan, ewu méjì. Ìyá kan sọ fún mi pé òun rò pé wọ́n ní kéèyàn fọwọ́ kó tó lò ó ni.

5. Ìpele 1 ni wọ́n kọ. Ṣé èyí tó kéré jù kọ́ nìyẹn?

Rárá o. Nínú GHS, ìpele 1 ló burú jù, bí ipò kìíní ní kíláàsì: òun ló ń léwájú nínú iṣẹ́ ibi. 1A sì tún ṣáájú 1B àti 1C.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni igun mẹ́rin aláwọ̀ mẹ́rin ti àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NFPA 704, tí ẹ lè rí lára táǹkì. Tiyẹn, bí owó oṣù ni: bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni ewu ń pọ̀, láti 0 dé 4. Ibẹ̀ ni sódà ti gba 3 fún ìlera, èyí tó wà nínú àwọ̀ búlúù, 0 fún iná nínú pupa, àti 1 nínú yẹ́lò, ibi tí wọ́n ń kọ bó ṣe dúró ṣinṣin sí. Ẹni tó bá fi ojú GHS ka 3 yẹn á rò pé kò tó nǹkan. Kí ẹ tó ka nọ́ńbà èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ mọ ìlànà tó ni ín.

6. Nǹkan funfun mẹ́ta ni wọ́n ń pè ní sódà lọ́jà. Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀?

Ẹ má fi ojú dá wọn mọ̀, ẹ má sì tọ́ ọ wò rárá, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ahọ́n ni wọ́n fi ń dán káún wò, àmọ́ sódà kì í ṣe káún.

Nọ́ńbà CAS ni kí ẹ wò lára àpò tàbí nínú ìwé tó bá ọjà wá. Kò sí kẹ́míkà méjì tó ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Kọ́sítíìkì sódà ni 1310-73-2. Sódà áàṣì ni 497-19-8. Ó máa ń ta ojú gan-an, àmọ́ kò sí ní ìsọ̀rí ajóni. Sódà tí wọ́n ń fi sínú bisikíìtì ni 144-55-8, èyí tí èèyàn ń jẹ. Ìbátan kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ olómi, potassium hydroxide, ni 1310-58-3. Ẹ wo bí nọ́ńbà tirẹ̀ ṣe jọ ti àkọ́kọ́. Ajóni lòun náà.

7. Ó máa ń gbóná tó bá kan omi. Kí ló dé tí wọn ò fi sí ìsọ̀rí ohun tó ń bá omi jà?

Ìsọ̀rí yẹn wà fún kẹ́míkà tó jẹ́ pé bó bá ti kan omi, gáàsì tó lè gbiná ló ń tú jáde. Sódà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru lásán ló ń mú wá. Àmọ́ ooru náà kì í ṣe kékeré: èyí tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń pò, tí sódà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná tó omi híhó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń pariwo pé sódà ni kí ẹ máa wọ́n sínú omi, kì í ṣe omi sórí sódà. Bí ẹ bá da omi díẹ̀ sórí òkìtì sódà, ìwọ̀nba omi yẹn á hó lójú ẹsẹ̀, á sì tú pẹ̀lú sódà tó wà nínú rẹ̀ sókè. Ojú yín ló wà lókè yẹn. Omi tútù ni kí ẹ lò, kí ẹ wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó, kí ẹ sì dúró síbi tí atẹ́gùn á ti gbé èéfín rẹ̀ lọ.

8. Ṣé mo lè pò ó nínú ìkòkò àlùmíníọ̀mù?

Ẹ má dán an wò. H290 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Sódà ń jẹ àlùmíníọ̀mù, gáàsì hydrogen sì ń jáde bó ṣe ń jẹ ẹ́, èyí tó lè gbiná bí àdògán bá wà nítòsí. Sódà tí kò ní ìsọ̀rí iná ti wá bí iná lọ́nà ẹ̀yìn. Ike tó nípọn, tó lè gba ooru, tàbí ìkòkò irin aláìdípàtà tó dára ni kí ẹ lò. Síǹkì, ìyẹn páànù, kò dára fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni tánńganran.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Mo ra agolo sódà mẹ́ta lọ́wọ́ alátùntà kan nígbà òjò, nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, mo gbé e sórí pẹpẹ, mo lọ sí ìsìn àìsùn. Sódà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Nígbà tí mo máa fi dé, ó ti yọ́, ó ti ṣàn gba orí pákó, ó ti ń kán sínú abọ́ àlùmíníọ̀mù tó wà nísàlẹ̀. Abọ́ náà ń hó ṣìṣìṣì bí ìgbà tí wọ́n da Andrews sínú omi, ìdí rẹ̀ ti dúdú. Orí pákó wulẹ̀ tutù ni, bí ìgbà tí omi mímu dà síbẹ̀. Ọmọ ilé ì bá ti fi ọwọ́ nù ún.

9. Ó ta sí mi lára, tàbí sí ojú, tàbí ọmọ gbé e mì. Kí ni kí n ṣe?

Lára: ẹ bọ́ aṣọ tó kàn án. Bó bá jẹ́ ìpẹ́ ni, ẹ gbọ̀n ọ́n dànù kíá. Lẹ́yìn náà, omi, omi, omi tó ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà pa á. Ooru mìíràn ni ìyẹn máa dá sílẹ̀ lórí ara tó ti jó. Ẹ má fi epo pupa kùn ún. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ó lè má tètè dun ni. Ọwọ́ á kàn máa yọ̀ bọ̀rọ́, ẹ ó sì rò pé ẹ kò tíì ṣan án tán. Ọ̀rá ara yín ni sódà ń sọ di ọṣẹ yẹn.

Ojú: ẹ la ojú sílẹ̀ sábẹ́ omi tó rọra ń ṣàn, kódà kí ẹlòmíì bá yín fi ìka ya ìpéǹpéjú. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 láìdáwọ́ dúró, kí ẹ tó máa lọ sílé ìwòsàn. Bí omi bá sì wà nínú ike, ẹ máa dà á lọ́nà. Ásíìdì sábà máa ń jó ojú débì kan dúró, àmọ́ sódà ń wọlé lọ ni.

Gbígbé mì: ẹ fi omi ṣan ẹnu ọmọ náà, kó tu ú dànù. Ẹ má jẹ́ kó bì, torí bó ṣe jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ náà ló máa jó o nígbà tó bá ń bọ̀. Epo pupa kọ́, mílíìkì kọ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú àpò tàbí ike náà dání. Ọmọ tó dà bíi pé ara rẹ̀ ti yá lè wá máa ní ìṣòro oúnjẹ gbígbé mì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí ọ̀nà ọ̀fun tó jó náà ń sún kì bó ṣe ń jinná. Ẹ jẹ́ kí dókítà rí i, bó tilẹ̀ ń ṣeré.

10. Mo ti là á pẹ̀lú omi púpọ̀. Ṣé ìsọ̀rí rẹ̀ kò tíì yí padà?

Ó ń yí padà, àmọ́ kì í yá bí ẹ ṣe rò. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù là á sílẹ̀ kedere: láti ìdá 5 nínú 100 lọ sókè, 1A ló ṣì jẹ́. Láti 2 sí 5, ó di 1B, ajóni síbẹ̀. Láti ìdajì ìdá kan (0.5) sí 2, ó di ohun tó ń ta ara àti ojú lásán.

Ẹ ṣírò rẹ̀: gíráàmù 50 sódà nínú gíráàmù 950 omi ti jẹ́ ìdá 5. Ìyẹn ni pé ike omi lítà kan tí ẹ rò pé ẹ ti là dáadáa ṣì wà ní ìpele tó burú jù.

11. Ọṣẹ tí mo ti sè tán ńkọ́? Ṣé ajóni lòun náà?

Rárá, bí ìwọ̀n bá pé. Sódà àti epo ti para wọn dà. Ọṣẹ àti glycerine ló kù. Àmọ́ epo kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n sódà tirẹ̀. Kílò àdín kan ń fẹ́ bíi gíráàmù 175, kílò epo pupa kan ń fẹ́ bíi 142. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n àdín se epo pupa ti fi sódà tó lé ní gíráàmù 30 sílẹ̀ nínú ọṣẹ láìrí ohun tó máa jẹ. Ọṣẹ bẹ́ẹ̀ ló ń bó ọmọ lára. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tó ń lo bátìrì, ẹ yéé fi agolo wọ̀n.

12. Aláró ni mí ní Ògìdì. Sódà àti hydrosulphite ni mò ń lò pọ̀. Ṣé ewu kan náà ni wọ́n ní?

Wọn ò jọ ara wọn rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ara wọn lẹ máa ń gbé wọn sí. Hydrosulphite ni kẹ́míkà tó ń ṣí aró kó lè wọ aṣọ. Kì í jóni bíi sódà. Ìsọ̀rí tirẹ̀ ni pé ó ń gbóná fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná: H251. Omi díẹ̀ tó bá kán sínú garawa rẹ̀, kí wọ́n sì dé e pa, tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó bá sì pàdé ásíìdì, gáàsì olóró ló ń jáde.

Ẹ wá wo ohun tó wà nílẹ̀: sódà ń fa omi mọ́ra, hydrosulphite sì ń kórìíra omi díẹ̀. Síbí kan náà lẹ fi ń bu méjèèjì. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní síbí tirẹ̀, kí ó gbẹ, kí ibi ìkópamọ́ wọn sì jìnnà síra.

13. Ṣé sódà máa ń fa jẹjẹrẹ?

Kò sí nínú àwọn ohun tí IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ, kà mọ́ ohun tó ń fà á. Ohun tó ń ṣe, lójú ẹsẹ̀ ló ń ṣe é.

14. Ọkọ mi ń lo oògùn oko. Àwọ̀ yẹ́lò ló wà lára ike kan, àwọ̀ ewé lára òmíràn. Ṣé bákan náà ni wọ́n ṣe ń pín in?

Ìlànà mìíràn nìyẹn, ti Àjọ Ìlera Àgbáyé fún oògùn oko: Ia, Ib, II, III àti U. Ìwọ̀n tó máa pa eku nínú ìdánwò ni wọ́n fi ń pín in ní pàtàkì. Pupa ni Ia àti Ib, yẹ́lò ni II, búlúù ni III, àwọ̀ ewé ni U.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí ẹ bọ́ sí. Ìpele II, ti àárín, ni paraquat wà. Àmọ́ ẹ̀kún ẹnu kan rẹ̀ lè pa àgbàlagbà, kò sì sí oògùn kankan tó ń ṣẹ́ ẹ. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń bà jẹ́. Ìpele kò sọ bóyá oògùn ìtọ́jú wà. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024, atrazine sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2025. Bí ẹ bá ṣì rí wọn nínú ilé, ẹ má dà á sódò.

15. Ìwé SDS méjì (ìwé àlàyé ààbò tó ń bá kẹ́míkà wá) fún sódà kan náà, ọ̀kan kọ ìsọ̀rí méjì, èkejì kọ mẹ́rin. Ta ló ń parọ́?

Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má parọ́. GHS dà bí búlọ́ọ̀kù: orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń mú èyí tó fẹ́ fi kọ́lé. Àwọn kan gba ìpele 3 fún ewu sí ẹja àti omi, wọ́n á sì kọ H402 fún sódà; ilẹ̀ Yúróòpù ò lo ìpele yẹn, wọn ò ní kọ ọ́. Olùtajà náà sì ń ṣe ìpín fúnra rẹ̀ lórí ohun tí òfin ò tíì là sílẹ̀. Nínú àkójọ àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, H314 nìkan ló wà fún sódà. Àwọn tó ń tà á ló ń fi H290 kún un.

Abala 16 ló wà nínú ìwé SDS tó pé. Abala 2 ni ìsọ̀rí ewu, 4 ni ìtọ́jú pàjáwìrì, 7 ni ìkópamọ́, 8 ni ohun ààbò. Bí ẹ kò bá lè kà á tán, ẹ ka mẹ́rin yẹn. Bí H314 kò bá sí nínú èyí tí wọ́n fún yín, ẹ dá a padà: ìwé kẹ́míkà mìíràn ni wọ́n kó fún yín.

16. Mo rí ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà Ọbajana sí Kàbà tó gbé pátákó àwọ̀ ọsàn, 80 lókè, 1823 nísàlẹ̀. Kí ni?

Sódà gbígbẹ ni. 1824 ni bó bá jẹ́ olómi. 80 túmọ̀ sí ajóni. Ìlànà ìrìnnà nìyẹn, ó ní kíláàsì tirẹ̀ láti 1 dé 9; kíláàsì 8 ni ajóni, 3 ni epo bẹntiróòlù tó ń jẹ́ 1203. Níbí pẹ̀lú, 8 kò burú ju 3 lọ, orúkọ lásán ni. Bí ọkọ̀ bá ṣubú, ẹ jìnnà, ẹ ka nọ́ńbà náà láti òkèèrè, ẹ pe 112. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi garawa bù níbẹ̀.

17. Alátùntà ni mí. Kí ni kí n kọ sára èyí tí mo dá sí kékeré?

Èyí ni ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù, torí gbogbo ìsọ̀rí tí a ń sọ láti òkè kú ní ibi tí ẹ ti ń tú àpò sí náílọ́ọ̀nù. Ẹ lo ike tó le, tó ní ìdérí tó ń lọ́, tí kì í ṣe ike omi tàbí ti ohun mímu. Ẹ fi bírò tí omi kò lè pa rẹ́ kọ ọ́, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, torí àwọn oníbàárà yín kò ní gbọ́ èdè kan náà:

KỌ́SÍTÍÌKÌ SÓDÀ, 1310-73-2. DANGER. Ó Ń JÓ ARA, Ó Ń FỌ́ OJÚ. Ẹ WỌ ÌBỌ̀WỌ́ RỌ́BÀ ÀTI AWÒ OJÚ. BÓ BÁ TA SÍ ARA: OMI ÌṢẸ́JÚ 20. BÍ WỌ́N BÁ GBÉ E MÌ: Ẹ MÁ JẸ́ KÓ BÌ, ILÉ ÌWÒSÀN KÍÁ. KÓ MÁ ṢE KAN ÀLÙMÍNÍỌ̀MÙ.

Ẹ ya àwòrán ọwọ́ àti irin náà sí i fún ẹni tí kò lè kàwé. Ẹ lè gé e lára àpò kílò 25 kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, bí ẹ bá ti rọra gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ dànù.